Èsì Tí Mo Kà Nígbà Òjò

Ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo lè gun òkè ẹ̀yìn ilé yìí láìdúró sinmi, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ń ṣe. Kì í ṣe níbí. Ìlú mìíràn ni, nínú ilẹ̀ Okun wa yìí náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú, ọmọ wọn ṣì wà láyé.

Ẹ gbọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo ti ka ìwé girama jáde, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára, ni wọ́n ṣe fi mí ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀nà àti afárá. Bùkọ́lá, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí káńsù, ìwọ ni mo ń bá wí jù. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyí. Bí káńsẹ́lọ̀ kan bá ní ìbéèrè, kì í dìde lójijì kó béèrè. Rárá o. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé náà yóò bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwa òṣìṣẹ́ á lọ wò ó, a ó kọ èsì, ọ̀gá á fọwọ́ sí i. Ó di ọjọ́ ìjókòó kí a tó kà á sókè. Ìjókòó sì lè pẹ́. Alága lè rìnrìn àjò. Ọba lè wàjà. Ìbéèrè á máa sùn nínú fáìlì... á sùn bí ọmọ tí ó yó.

Mo ṣì ń rí gbọ̀ngàn náà tí mo bá di ojú. Fèrèsé onígi, ó ṣí sí apá òkè. Láàárọ̀, ìkùukùu á rọra gba ojú fèrèsé wọlé, á jókòó láàárín àwọn àgbà, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn n kì í rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn nìkan ni.

Káńsẹ́lọ̀ kan wà tí à ń pè ní Baba Ọmọníyì. Àgbẹ̀ ni. Apá odò ni wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó kọ ìbéèrè kan ránṣẹ́: afárá onígi tó lọ sí abà Ìdí-Emi ti wó, ìgbà wo ni káńsù máa ṣe òmíràn? Ọ̀gá mi ní kí n lọ wò ó. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Inú ọyẹ́ ni. Odò ti gbẹ. Iyanrìn funfun ló tẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ sùn sí àárín odò. Àwọn obìnrin ru iṣu, wọ́n ń rìn kọjá bí ẹni ń rìn nínú yàrá. Èmi náà rìn kọjá, mo rìn padà. Mo délé, mo kọ ọ́: “Afárá ti wó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará abà ń kọjá láìsí ìnira.” Ọ̀gá mi kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èsì tó dùn ún kà nìyí.” Ó fọwọ́ sí i.

Ṣé mo purọ́? N kò purọ́. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Ìyá àgbà yín, a kò tíì pé ọdún kan tí a fẹ́ra nígbà náà. Ọmọ Ìdí-Emi ni. Ìyá rẹ̀ wà ní abà yẹn, opó, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè lọ ṣẹ́gi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ àti igi ìdáná lọ fún un. Mo mọ̀ pé ó ń lọ. N kò béèrè bó ṣe ń dé ibẹ̀. Òun náà kì í ráhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Iṣu hù, àgbàdo yọ irùngbọ̀n. Oyún àkọ́bí wa, ìyá yín nìyẹn, ti pé oṣù mẹ́fà. Ìgbà yẹn ni alága ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìjókòó.

Èmi ni mo máa ń ka èsì fún ẹ̀ka wa. Òjò ń rọ̀ lórí páànù lọ́jọ́ náà, mo ní láti gbé ohùn sókè. Mo kà á: wọ́n ń kọjá láìsí ìnira. Baba Ọmọníyì dìde. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù títí dé itan.

Ó ní, “Akọ̀wé, irú ìnira wo lẹ mọ̀ ní ọ́fíìsì?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága gbá tábìlì. “Baba, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń béèrè ní ìjókòó kan. Wọ́n ti dá yín lóhùn. Ẹ jókòó.”

Ó ní, “Tò, ó dára. Mo ti jókòó. Odò náà kò jókòó o.”

Wọ́n kọ èsì mi sínú ìwé ìpàdé. Ó tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó síwájú ilé. Ìyàwó mi ń bọ̀ lókèèrè. Ìkùukùu òjò bo ọ̀nà, bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ ló rí lójú mi. Ó súnmọ́ tòsí. Aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà.

Mo ní, “Kí ló dé?”

“Odò ni.”

“Odò wo?”

“Èyí tí à ń kọjá láìsí ìnira.”

Ó ń fún omi aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Baba Ọmọníyì ló dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tí mo ń bọ̀. Omi fẹ́ gbé mi. Òun ló sọ ohun tí o kà fún mi. Ó ní ohùn rẹ dùn. N kò bínú o. Mo kàn fẹ́ mọ̀. Nígbà tí o ń kà á, ta lo rò pé ó ń kọjá?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè púpọ̀ láyé. Ìyẹn ni mo ṣì ń bi ara mi títí dòní.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí odò náà fúnra mi. Iyanrìn funfun dà? Ewúrẹ́ dà? Omi pupa ló kún bọ̀. Àwọn obìnrin so ara wọn pọ̀ mọ́ okùn, ẹrù wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn. Mo ká ṣòkòtò, mo wọ inú omi. Ó gbé bàtà mi kan lọ.

Obìnrin kan kígbe láti òdìkejì: “Ẹ wá wò ó o! Akọ̀wé káńsù ń lúwẹ̀ẹ́! Ẹ bi í bóyá ìnira wà níbẹ̀!”

Èkejì ní, “Fi í sílẹ̀ jàre. Ó ń wá èsì nínú omi.”

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a tún èsì yẹn ṣe.”

Ó ní, “Hàbá! Èsì tí mo fọwọ́ sí? Kí alága wá máa wò mí bí òpùrọ́? Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn máa dé, á tún di òótọ́.”

Ẹ gbọ́ o. Ó ní á tún di òótọ́.

Ó ku ọ̀nà kan. Òfin wọn ni pé ẹni tó béèrè nìkan ló lè tún un béèrè. Mo lọ bá Baba Ọmọníyì lóko. Ó ń gbé ọ̀pá sí ìdí iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ Okun.

“Baba, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìbéèrè yẹn béèrè.”

Ó wò mí. “Ìwọ tí o dá mi lóhùn lo fẹ́ kí n tún bi ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baba.”

“Kí lo máa sọ?”

“Ohun tí mo rí.”

“Ohun tí o rí náà lo sọ níjọ́sí.”

“Mi ò tíì rí i tán nígbà náà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Iṣẹ́ rẹ ńkọ́, ọmọ? Ọ̀gá rẹ lè lé ọ.”

Mo ní, “Ìyàwó mi ńkọ́, Baba?”

Ó padà sí ìdí iṣu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ ìwé náà ránṣẹ́.

Ìjókòó kejì dé nígbà tí òjò le jù. Ọ̀gá mi fi èsì àtijọ́ náà lé mi lọ́wọ́, kò yí nǹkan kan padà. Baba Ọmọníyì béèrè. Mo dìde. Ìkùukùu wà nínú gbọ̀ngàn, n kò rí ojú ọ̀gá mi dáadáa, mo sì dúpẹ́ pé n kò rí i. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì.

Mo ní, “Èsì tí mo kà níjọ́sí, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ ọ́. Ní báyìí, omi ń dé àyà obìnrin níbẹ̀. Ìyàwó mi wà lára wọn, ó lóyún. Ẹ má gba èsì yẹn.”

Alága béèrè pé, “Ta ló rán ọ ní irú ọ̀rọ̀ yìí?”

“Ẹnikẹ́ni kò rán mi, sà.”

Kò wò mí. Ojú fèrèsé ló ń wò, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó dìde.” Ó jáde. Wọ́n tẹ̀lé e. Àwọn àgbà, pẹ̀lú agboòrùn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà oko nínú òjò. Tí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé àlá ni mo lá. A dé etí odò. A dúró. Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, alága ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a rí i.”

Kí oṣù náà tó pé, wọ́n ti tẹ́ igi ńlá sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ọ́n.

Èmi ńkọ́? Wọn kò lé mi. Ọ̀gá mi gbé mi lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì àti korobá sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó níbẹ̀. Àwọn tí a jọ wọṣẹ́ ga jù mí lọ. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀... ó dùn mí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ gba orí afárá yẹn lọ tó sì bọ̀, aṣọ rẹ̀ gbẹ. Kò yìn mí. Ó bu oúnjẹ síwájú mi, ó ní, “Ìyá mi ní kí n kí ọ.” Ó tán. Mo jẹ oúnjẹ náà, n kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Bùkọ́lá, wọ́n ní orí fóònù lẹ ti ń dáhùn báyìí. Wọ́n béèrè láàárọ̀, ẹ dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ sí etí odò? Àwọn káńsẹ́lọ̀ òde òní pàápàá, ṣé wọ́n ń béèrè nǹkan kan, àbí wọ́n kàn ń mi orí? Tí wọ́n bá bi ọ́, lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn lo lọ, tún lọ nígbà òjò. Kí o tó kà á sókè, bi ara rẹ pé ta ló ń kọjá.

Ayé ti yí, ọmọ mi. Ẹni tó máa bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀, tó máa dúró gbọ́ èsì, kò pọ̀ mọ́. Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sórí ibùsùn, mo béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín, bí ẹni pé ó ṣì wà, pé ṣé omi ìwẹ̀ ti gbóná.

Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ gbé e kaná fúnra mi.