Aláìsí

Nínú ọkọ̀ Ìkirè tí mo wọ̀ ní Àpòmù, ìyá kan ń ráhùn sí bàbá arúgbó tó jókòó tì í.

"Bàbá, ọmọ mi ń kàwé ní Rọ́ṣíà, owó oúnjẹ rẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà báńkì wọn. Kí ló kan ọmọ mi nínú ìjà wọn?"

"Nígbà tí bàbá mi lọ sógun Bọ́mà, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà jọ ń bá Jámánì jà ni. 'Aláìsì' ni òyìnbó kọ́ bàbá mi láti máa pe àwọn tó jọ ń jagun. Àwa ọmọdé gbọ́ 'aláìsí', a ní ta ló kú."

"Kí ni bàbá yín sọ?"

"Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín." Bàbá wo títì, wọn ò rẹ́rìn-ín. "Àṣé a ò ṣì í gbọ́."