Símẹ́ǹtì Tí Mo Fi Bo 1897

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó lọ. Dókítà ti sọ fáwọn ọmọ mi ohun tó wà láyà mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Èmi Yẹ̀kínì bíríkìlà, ará Ìsàlẹ̀ Gángan, tẹ́ ẹ̀ ń pè ní bàbá olóòótọ́, irọ́ ni mo pa tí ilé fi wó.

Ilé Alhaja Hàwáwù ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà yẹn, irú èyí táwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ máa ń kọ́, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí fèrèsé ẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ 1897 sókè ilẹ̀kùn, tí wọ́n máa ń kun nọ́ńbà ẹ̀ lọ́dà lọ́dọọdún. Fàrídà ọmọ ọmọ Alhaja ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlejò wá wò ó, òyìnbó, ará Brazil, oríṣiríṣi. A kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ta ló máa wọ bààlú wá wo ògiri? Wọ́n ń wá, jàre. Mariyah tó ń din mọ́sà ò gbé igbá kiri mọ́, iwájú ilé yẹn ló ń tà á fún wọn. Àwọn ọmọ tí ò níṣẹ́ di amọ̀nà, àwọn fúnra wọn ló kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà tá a ti ń da ìdọ̀tí sí látọjọ́ pípẹ́. Fàrídà ní, "Bàbá, ẹ bá wa tọ́jú ilé yìí. Ohun tá a lè jẹ lára ẹ̀ tí ò ní tán nìyí, ọmọ ọmọ wa náà á bá a."

Ó yẹ kínú mi dùn. Ṣùgbọ́n tí Fàrídà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó máa ń sọ fáwọn àlejò ni pé bàbá bàbá Alhaja ló kọ́ ọ. Òótọ́ ni, ẹni tó nilé là ń pè ní ẹni tó kọ́lé. Ṣùgbọ́n Sàláwù, bàbá bàbá tèmi, bíríkìlà bíi tèmi, ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀. Èmi náà ò sì sọ fún wọn, mo ń retí kí wọ́n bi mí. Ẹ wo àgbà òmùgọ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn ará ọ́fíìsì kan tó ń kọ ilé àtijọ́ sílẹ̀ ń bọ̀. Ilé tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wó o. Mùs'áb àbúrò Alhaja sì ti ń wá bó ṣe máa wó o kó fi ilẹ̀ ẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Alhaja pè mí, ó ní, "Bùọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹ bá mi tún iwájú ilé ṣe, kójú má tì wá." Mo po símẹ́ǹtì, mo dí ibi tó sán, mo débi nọ́ńbà, ọwọ́ mi ò dúró. Mo bò ó pátá. Mo ní ògiri ti jẹrà níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gbé omi fún mi, mo sì mu ún.

Kó jẹ́ pé ó tán síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Fàrídà fi fọ́tò nọ́ńbà hàn wọ́n lórí fóònù. Ìyáàfin kan nínú wọn ní ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ògiri, kí wọ́n pe ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò. Èmi nìyẹn. Wọ́n bi mí, mo ní, "Lójú mi ni wọ́n kọ́ ọ. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn."

Alhaja wò mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, Fàrídà mọ̀, àmọ́ ta ló máa dójú ti arúgbó níwájú àlejò? Alhaja kàn rọra ní, "Bóyá bùọ̀dá gbàgbé ni." Ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n lè gbabẹ̀ jáde nínú irọ́ mi. Mo ní mi ò gbàgbé nǹkan kan.

Wọ́n ní tó bá jẹ́ lójú mi ni, kì í ṣe ilé àtijọ́, wọn ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí Mùs'áb fi gbé katapílà wá. Àlejò ò wá mọ́, Mariyah tún gbégbá. Alhaja kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Ìkòròdú, kò lò tó ọdún kan tó fi kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wó o, Fàrídà gbé òkúta orí ilẹ̀kùn wá bá mi. Símẹ́ǹtì mi ti ṣí kúrò, ó sì ti bó ọ̀dà àtọdúnmọ́dún lọ. Lábẹ́ 1897, lẹ́tà wà níbẹ̀ tá ò rí rí. Ó kà á: "Sàláwù ló mọ ọ́n." Ó ní, "Bàbá, ta ni Sàláwù?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí àgbà bá parọ́ lójú yín, ẹ fọ̀wọ̀ dá a dúró. Fàrídà, níbikíbi tó o bá wà, bàbá bàbá mi ni Sàláwù. Forí jì mí. Mo gbọ́ pé òkúta yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, pé o ṣì ń mú àlejò rìn l'Ékòó. Gbé e síbi tí wọ́n á ti rí i. Sọ ẹni tó kọ́ ọ fún wọn, sọ ẹni tó mọ ọ́n. Tí wọ́n bá wá bi ọ́ pé ta ló wó o, má dárúkọ Mùs'áb. Dárúkọ mi.