Ọtí Tí Àwọn Kòkòrò Wa Kò Ṣe

Lọ́la ni dókítà máa la ikùn mi, mi ò sì mọ̀ bóyá màá jí. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí àyà mi tó tún já. Irọ́ ni èsì tí a fi ń yangàn káàkiri. Èmi ni mo pa á.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa: à ń fi afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí àwọn ẹ̀rọ ń tú dànù bọ́ àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, kí wọ́n lè sọ ọ́ di ọtí líle tí mọ́tò lè fi rìn. Oṣù mẹ́jọ gbáko, wọn ò ṣe ẹ̀kán kan. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ìdánwò ní ọtí wà nínú ìgò mi. Ọ̀gá wa dì mọ́ mi, ó ń pariwo, "A ti rí i! A ti rí i!" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ojú mi tó là. Ọtí ni sípíríìtì tí a fi ń nu ẹnu ìgò, mi ò sì dúró kó gbẹ kí n tó ti abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi ìdánwò bọ inú ìgò. Ìkánjú lásán! Ó yẹ kí n sọ, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òwú tí mo fi ń nu ẹnu ìgò rin gbindin fún sípíríìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, màá yára fi òwú náà pamọ́.

Ọ̀gá wá ní kí àbúrò wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́ tún ìdánwò náà ṣe. Òun máa ń dúró kí sípíríìtì gbẹ, kò sì rí ọtí kankan. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe tí mi ò ṣe?" Mo ní, "Ọwọ́ ẹ ni ò mọ́. Ìwọ lò ń pa àwọn kòkòrò náà." Ìkà ni mí o! Ó ń fọwọ́ títí awọ fi ń bó. Nígbà tí ọ̀gá bi mí níṣojú rẹ̀, mo wolẹ̀, mo ní, "Kò mọṣẹ́, sà." Wọ́n lé e. Bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ní sùúrù.

Láàárọ̀ yìí, mo pè é, mo jẹ́wọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ mi mọ́ nígbà yẹn?" Mo ní ó mọ́. Ó bú sẹ́kún, ó pa fóònù. Ọ̀gá, ẹ dá àgbá ńlá tí ẹ ń kọ́ nítorí èsì irọ́ mi yẹn dúró, kí ẹ sì pe ọmọbìnrin náà padà síṣẹ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, bí mo jí, bí mi ò jí.