Orí Méjì Tí Mo Fò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò so mí kọ́. Adájọ́ ti sọ ọ́, wọ́n ti da ẹ̀bẹ̀ tí lọ́yà mi kọ nù, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó kù bí kò ṣe ti Ọlọ́run. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é ni wọn kò sọ fún mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ tí wọ́dà bá ń bọ̀, gbogbo àwa tí a wà ní ìlà yàrá yìí a máa dákẹ́, a ó máa fetí sí bàtà rẹ̀ bóyá yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Bó bá ti kọjá mi, n ó mí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣí Bíbélì.

Mo ti ń kà á láti Jẹ́nẹ́sísì bọ̀, orí kan ní òwúrọ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Kíkà ni iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì gbé mi dé ibi tí mo wà yìí.

Tísà ni mí ní Ìgbó-Ọrà, n kò tíì gbéyàwó, ohùn mi sì dára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé ìparí ogun abẹ́lé, àwọn àgbà ìjọ wa pinnu pé kí gbogbo ìjọ jọ ka Bíbélì já, kí a fi dúpẹ́ pé ogun kò dé ilé wa. Ní ìdájí, kí àgbẹ̀ tó lọ sóko, agogo á dún, a ó pé jọ. Akọ̀wé ìjọ á pe orúkọ gbogbo wa, oníkálukú á dáhùn pé òun wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹni tí kò bá gbọ́ orí kan kò lè sọ pé òun ka ìwé náà já. Lẹ́yìn náà ni èmi á ka orí tó kàn, n ó sì ṣe àṣàrò díẹ̀ lé e lórí. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá kà ni Ọlọ́run wí. Èyí tí n kò bá kà, a jẹ́ pé Ọlọ́run kò wí i.

Ìyẹn dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ìyá tó dàgbà ju ìyá mi lọ ń kúnlẹ̀ kí mi lójú ọ̀nà. Pásítọ̀ ní òun yóò fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere bí ọdún bá ti yí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo ń wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú omi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Joṣíà, tí a ń pè ní Bàbá Bọ́sẹ̀. Bíríkìlà ni, iṣẹ́ sì máa ń gbé e lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ikọ́ fée ń ṣe Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdájí kò sì bá ọmọ náà lára mu, ìyá rẹ̀ kì í lè wá gbọ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ kan Joṣíà wá bá mi ní iléèwé.

Ó ní, "Tísà, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹ bá ń ti iléèwé bọ̀, ẹ bá mi yà nílé, kí ẹ ka orí ọjọ́ náà fún Ìyá Bọ́sẹ̀. Mi ò fẹ́ kó gbẹ́yìn."

Mo ní, "Ṣé àwọn èèyàn ò ní máa sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ kí ni? Ṣebí Bíbélì lẹ fẹ́ kà."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ní àkọ́kọ́, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kà á, n ó sì máa lọ. Nígbà tó yá, ó gbé àga fún mi. Nígbà tí a fi máa dé ìwé àwọn Onídàájọ́, mo ti ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí a ka ibi tí Rúùtù ti lọ dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Bóásì ní ilẹ̀ ìpakà.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Tísà, ṣé ẹ̀rù ò ba obìnrin yìí ni?"

Mo ní, "Ẹ̀rù kì í ba ẹni tó bá mọ ohun tó ń fẹ́."

Ó wolẹ̀. Èmi náà sì mọ̀ pé ohun tí mo sọ yẹn kò sí nínú Bíbélì. Bó bá jẹ́ pé mo dìde lọ lọ́jọ́ náà ni, Joṣíà ì bá wà láàyè, èmi náà ì bá sì wà ní Ìgbó-Ọrà, tí n ó máa na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìṣirò. N kò dìde.

N kò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. N kò fipá mú un, òun náà kò sì pè mí. A ka orí kan, a pa ìwé dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Bí a ti ń lọ báyìí, a dé Sámúẹ́lì Kejì. Mo máa ń wo orí tí n ó kà kí n tó lọ sí ìjọ. Mo ṣí orí kọkànlá. Ọba Dáfídì wà lórí òrùlé, ó rí ìyàwó oníyàwó, ó ránṣẹ́ mú un, obìnrin náà lóyún. Ọba wá ní kí wọ́n fi ọkọ rẹ̀, Ùráyà, sí ibi tí ogun ti le jù, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀ kó lè kú. Orí kejìlá tún burú jù fún mi, nítorí ibẹ̀ ni wòlíì ti nàka sí ọba náà lójú.

Joṣíà wà nílé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Iwájú ló jókòó sí, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń retí. Mo fo orí méjèèjì, mo ka ìkẹtàlá. Ìkẹtàlá náà kò mọ́ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọba ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi. Mo fi ìbínú ńlá ṣe àṣàrò lórí ọmọ ọba náà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ìyá ń ṣe "Àmín".

Nínú gbogbo ìjọ, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Joṣíà dúró dè mí lẹ́yìn àdúrà.

"Tísà, àbí etí mi ni? Orí kẹwàá lẹ kà lánàá."

"Ọ̀rọ̀ ogun ni, Bàbá Bọ́sẹ̀. Wọ́n pa tibí, wọ́n pa tọ̀hún. Á kàn sú àwọn àgbà ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá kà á fúnra mi ní Ìbàdàn."

Ọkàn mi kò balẹ̀ títí ó fi dé. Nígbà tó dé, mo fi ẹ̀fẹ̀ bi í bóyá ó ka ọ̀rọ̀ ogun náà. Ó ní, "Iṣẹ́ ò jẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ mọ èyí tó yẹ ká gbọ́." N kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún. Èèyàn tó bá fọkàn tán ọ báyìí, kò fi ibi kankan sílẹ̀ fún ọ láti sá gbà.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún Kérésì pé, Ìyá Bọ́sẹ̀ sọ fún mi pé òun lóyún.

"Ó ti wà nínú mi kí Bàbá Bọ́sẹ̀ tó wálé kẹ́yìn," ló wí.

Mo ní, "Jẹ́ kó gbà pé tòun ni."

"Ó máa gbà á, Tísà. Ohun tí mi ò lè gbé nìyẹn. Ó máa yọ̀, ó máa dúpẹ́ nínú ìjọ. Tó bá dé fún ọdún, màá sọ fún un."

"Wọ́n á yọ mí níjọ! Pásítọ̀ ti kọ orúkọ mi!"

Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

N kò rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Ní agbègbè wa, lẹ́yìn Kérésì, tí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko, àwọn ọkùnrin máa ń lọ sun ọ̀dàn láti pa ọ̀yà. Ọ̀dàn tiwa wà lójú ọ̀nà Ìdèrè. A ó tò yí i ká lórí ilẹ̀ tí a ti ro mọ́, pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá. Ẹnì kan ni yóò mú iná lọ́wọ́. Kó tó dáná, yóò pe orúkọ gbogbo wa bí a ti tò, oníkálukú á dáhùn pé, "Mo wà ní gbangba!" Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, iná kò gbọdọ̀ kan koríko. Nítorí ohùn mi, èmi ni wọ́n ń fún ní iná lọ́dọọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a lọ lọ́dún náà, a ti tò tán. Joṣíà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, sáré wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tísà, ajá mi ti wọ inú koríko ẹ̀ẹ̀kan lọ, mò ń lọ mú un. Ẹ má tíì dáná o, títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn mi." Ó yí padà lọ, ó tún dúró. "Ìyá Bọ́sẹ̀ ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá mi sọ tí mo bá délé. Ó jọ pé oyún ni. Ẹ máa bá mi dúpẹ́."

Mo ní, "Máa lọ, mò ń dúró dè ọ́."

Kì í ṣe èṣù ló sọ ọ́. Èmi ni. Mo rí i tí ẹ̀ẹ̀kan bò ó mọ́lẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

"Lásísì!"

"Mo wà ní gbangba!"

"Múfútáù!"

"Mo wà ní gbangba!"

Joṣíà ló kàn. Mo la ẹnu, mo ní, "Adéoyè!" Kò ṣòro. Mo ti fò rí, ẹnu mi ti mọ ọ̀nà. Mo pè wọ́n tán, mo ṣá ìṣáná, mo jù ú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé.

Múfútáù, àgbẹ̀ tábà kan tí oko wa jọ pààlà, ń pariwo láti òdìkejì: "Tísà! O ò pe Joṣíà! O fo ẹnì kan!" Mo gbọ́ ọ. Mo kọjú sí iná bí ẹni tí ariwo koríko di létí. Ajá náà jáde, irun ìrù rẹ̀ ti jó. Joṣíà kò jáde.

Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo pè é, ó sì dáhùn. Ohun tó gbé mi ṣubú nìyẹn. Nígbà tí mo ń pè wọ́n, mo rò pé orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni etí olúkúlùkù ń gbọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i ní ìjọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń sun ọ̀dàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹni tó tẹ̀lé ọ ni wàá fi mọ ibi tó dúró sí, kí o má baà ju kùmọ̀ lù ú nínú èéfín. Orúkọ tó kàn lẹ́yìn tiwọn ni wọ́n ń tẹ́tí sí jù. Èmi tí mo ń mú iná lọ́dọọdún, n kò bá wọn tò rí, n kò sì mọ̀.

Múfútáù sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, ó tún sọ ọ́ níwájú adájọ́. "Wàláì, lẹ́yìn tèmi, Joṣíà ló kàn. Ohùn ẹ̀ ni mò ń retí. Adéoyè ni mo gbọ́." Bí mo ti ń jiyàn pé irọ́ ni, Ìyá Bọ́sẹ̀ dìde nínú aṣọ opó. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ bi Tísà léèrè ẹni tó ni oyún tó wà nínú mi."

Nínú yàrá yìí, mo tún bá Sámúẹ́lì Kejì pàdé. Mo pẹ́ ní orí kẹwàá. N ó kà á, n ó tún un kà, n ó pa ìwé dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fi ipá ka ìkọkànlá sókè. Wọ́dà àgbà kan, Ìmàle, dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ṣé wọ́n pa ọba náà?"

Mo ní, "Rárá, wọn ò pa á."

"Ta ló wá kú nítorí ẹ̀?"

"Ọmọ tí obìnrin náà bí."

Nínú orí kejìlá ni ọmọ náà ti kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi, ẹnì kan kò sọ fún mi bóyá Ìyá Bọ́sẹ̀ bí tàbí kò bí. Ẹ̀rù orí náà ń bà mí ju ẹ̀rù okùn lọ. Mo ń wò ó bí ẹni pé bí mo bá kà á, ohun tó wà níbẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tèmi.

Lánàá ni ìyá mi wá. Ojú tì í láti máa wá tẹ́lẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn irin, ó di irin mú.

"Ó ti bí tipẹ́," ló wí. "Ìbejì ni. Wọ́n ti ń rìn."

Mo sunkún débi pé wọ́dà wá wò mí.

"Orúkọ Joṣíà ni wọ́n ń jẹ́ ní orúkọ bàbá," ìyá mi wí. "Má fọkàn sí wọn. Ìjọ ti padà sí Jẹ́nẹ́sísì. Pásítọ̀ ní ìwé tí o jẹ́wọ́ ní kóòtù pé o fo orí méjì nínú ẹ̀, a ò tíì kà á. Wọ́n ṣì ń pe orúkọ Joṣíà ní ìdájí. Tí wọ́n bá pè é, gbogbo ìjọ ló ń dáhùn fún un."

Mo ní, "Tèmi ńkọ́, Màámi?"

Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Wọ́n máa ń fò ó," ló wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé tí àwọn ará ilé yín kò mọ̀wé, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ má fi ohùn dídùn ṣe ìbòjú. Ibi tó bá ń gún yín lára nínú ìwé, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kà sókè, kí etí yín kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín nígbà tí ìtìjú nìkan ṣì ni owó rẹ̀. Ojú ì bá tì mí ní Ìgbó-Ọrà fún ọdún kan, bóyá méjì, wọn ì bá sì tún máa pè mí.

Mo ti sàmì sí orí kejìlá. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, bí bàtà wọ́dà bá kọjá ẹnu ọ̀nà mi, n ó kà á. Bó bá dúró, ẹ bá mi kà á.