Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú Bàbá Ẹ̀yínadé Ògúntóyè, ará Aramọkọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń gbé e jẹun, tó ń gbé e sùn, tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti fi í jẹ wọ́dìnì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé tí Qúdrát, ọmọ Alhaja Mùínàt tó ń ta sìmẹ́ńtì, gbé fáìlì wọlé, bàbá mọ̀ pé ó ti tó kí ó jáde. Lọ́yà ni Qúdrát. Motúnráyọ̀, ọmọbìnrin bàbá, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìjerò, rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló bá wá, ó sì ti ń dìde láti gbé omi tútù fún àlejò.

“Motún, jókòó,” ni bàbá wí. “Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n kọ́. Àṣírí mi ló wà nínú fáìlì yẹn. Dípò kí o gbọ́ ọ lójú títì, inú ulé mi níbí ni kí o ti gbọ́ ọ, lẹ́nu èmi fúnra mi.”

Ó na ọwọ́ sí fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri. Kò sí ẹni tó wọ pálọ̀ náà rí tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá ló wà níbẹ̀ nínú agbádá funfun, tó fi àyà kanlẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn etíkun, níwájú ìyá àgbàlagbà kan tó lọ́ ìró mọ́ àyà. Ìwé ìròyìn gbé e jáde lọ́dún yẹn. Àlùfáà fi wàásù. Motúnráyọ̀ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ wo ọmọlúàbí.

“Irọ́ ló wà nínú fọ́tò yẹn,” ni bàbá wí. “Èmi ni irọ́ náà.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà létí òkun, tí mọ́tò lè là já kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú èèyàn. Ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyà tó jẹ ẹ́ ti tó o. Ìjọba ńlá méjì ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan láti ìlà-oòrùn, nítorí pé omi etíkun rẹ̀ jìn débi tí ọkọ̀ ogun fi lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìjọba ìwọ̀-oòrùn ti bá ààrẹ ibẹ̀ ṣe àdéhùn pé àwọn yóò lo etíkun náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti ìlà-oòrùn ní àdéhùn náà kò múlẹ̀, torí òfin ìlú náà ní àwọn onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn gbà. Abúlé àwọn apẹja kan ló ni ilẹ̀ ọ̀hún. Bí abúlé bá gbà, ìwọ̀-oòrùn borí. Bí abúlé bá kọ̀, àdéhùn di bébà lásán. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ alálàjà kan dìde, bàbá, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, sì ni akọ̀wé wọn.

“N kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni,” ni bàbá wí. “Uṣẹ́ mi ni kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan. Èmi tí mo sì fi ọgbọ̀n ọdún jókòó ní ọ́fíìsì, ṣé n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bébà ni?”

Ìyá inú fọ́tò náà ń jẹ́ Naomi, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní abúlé ọ̀hún. Ohun tó bá sọ labẹ gé. Ó ti lé àwọn aṣojú ìjọba méjèèjì padà, torí òòró ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá débẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Aramọkọ náà ló ṣe: ó dọ̀bálẹ̀. Omi òkun rin agbádá rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń bọ̀, nítorí náà ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó bi í pé kí ló ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá dáhùn pé, “Nílùú wa, ẹni tí a bá fi àyà kanlẹ̀ fún, a kì í parọ́ fún un.”

Bàbá yíjú sí Qúdrát àti ọmọ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹnu èmi ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá gbà gbọ́ tó fi pe ìpàdé. Abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn kò gbà: ìwọ̀-oòrùn o, ìlà-oòrùn o, kí oníkálukú gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ibòmíì. Bàbá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì mọ iṣẹ́ ìjọba, ìpàdé tí a kò bá mú orúkọ àwọn tó wá, bí ẹni pé a kò ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, kò sì sí tàdáwà. Bàbá fi bíró kun àtàǹpàkò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tó kan ìyá Naomi, ó bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni ìka mi ń sọ níbẹ̀?”

“Ó ń sọ pé ẹ wá sípàdé ni, ìyá mi.”

“Òótọ́ sì ni lọ́jọ́ yẹn,” ni bàbá wí. “Òótọ́ ni fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.”

Ní ọjọ́ kẹrin, aṣojú ìwọ̀-oòrùn pè é jẹun ọ̀sán ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun gbọ́ pé bébà kan wà tí ìka àwọn ará abúlé wà lára rẹ̀. Ó tún ní òun gbọ́ pé akọ̀wé ní ọmọbìnrin kan tó ń wá ibi tí yóò ti kàwé sí i, pé ìjọba òun sì máa ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá padà sí yàrá, ó fi èékánná yọ píìnì tó so ìwé ìpàdé pọ̀, ó fa ojú ewé àkọ́kọ́ tó kọ “Àwọn tó wá sípàdé” sí ya, ó sì fi ewé tí ìka wọn wà há ẹ̀yìn àdéhùn. Ó wá fọwọ́ sí i pé òun jẹ́rìí pé abúlé gbà.

Motúnráyọ̀ ti dìde. “Bàámi, ṣé ìwé tí mo lọ kà lókè òkun nìyẹn?”

“Òun ni.”

“Ṣé Màámi mọ̀?”

“Beatrice kò mọ̀ títí ó fi kú. Jókòó, n kò tíì dé ibi tó burú níbẹ̀.”

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, sójà wá láti lé abúlé kúrò. Ìyá Naomi wọkọ̀ wá sí olú-ìlú, ó bá ìgbìmọ̀ náà nínú ọ́fíìsì tí bàbá jókòó sí. Ó ní, “Wọ́n ní mo gbà. Ọmọ mi, sọ fún wọn.” Gbogbo ojú wà lára bàbá. Ó mú bébà, ó wo ìyá lójú kòrókòró, ó ní, “Ṣé ìka yín kọ́ nìyí, ìyá?”

Ìyá kò ṣépè. Ohun tó sọ kò ju pé, “O mà dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

Omi ń bọ́ lójú bàbá, kò sì nù ún. Qúdrát ló wá ṣàlàyé ohun tó kù: àwọn ará abúlé ti gbé ẹjọ́ lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ohun tí bébà náà jẹ́, àwọn lọ́yà wọn ló sì rán òun. “Bàbá, mi ò ní tàn yín. Tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí, wọ́n lè pe ẹ̀yin náà lẹ́jọ́. Orúkọ yín yóò jáde nínú ìwé ìròyìn.”

“Ó ti jáde níbẹ̀ rí,” ni bàbá wí, ó wo fọ́tò. Motúnráyọ̀ gun orí àga, ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Qúdrát ní ìyá Naomi wà láyé o, pé ó fẹ́ rí bàbá kó tó fọwọ́ sí i. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ojú ìyá sì hàn níbẹ̀, ó ti gbó gan-an, orí rẹ̀ ti funfun báláú. Bí bàbá ṣe rí i báyìí, ó di apá àga mú, ó ń fi eékún tó ń dùn ún wá ilẹ̀. “Ìyá mi, ẹ dárí jì mí.”

“Dìde,” ni ìyá wí nínú fóònù. “Èyí lo fi mú mi nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́.”

Bàbá dúró sí ààbọ̀, kò lè lọ sílẹ̀, kò lè gòkè. Motúnráyọ̀ gbé e jókòó. Nígbà tí bàbá na ọwọ́ sí bíró láti fọwọ́ sí ìwé, ìyá tún ní, “Rárá. Ìka ni. Kí ọmọ rẹ kùn ún fún ọ, bí o ṣe kun tiwa.”

Èdè mẹ́ta ni bàbá lè fi kọ̀wé. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Motúnráyọ̀ dì í mú, ó ń fi bíró kùn ún díẹ̀díẹ̀, omi ojú rẹ̀ sì ń kán sí orí ìka náà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

“Kí ni ìka rẹ ń sọ níbẹ̀?” ni ìyá bi í.

“Ó ń sọ pé ẹ kò gbà, ìyá mi. Ó ní ìpàdé lẹ wá. Ó ní èmi ni mo parọ́ mọ́ yín.”

Ìyá kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní, “Gbé ìka náà súnmọ́ fóònù kí n rí i.” Bàbá gbé àtàǹpàkò dúdú náà sókè, ó sì gbé e dúró síbẹ̀ títí ìyá fi ní ó tó.