Iná Ọkọ̀ Tí Kì Í Dé Mọ́ṣáláṣí

Níbi tí mo ti tò láti ra alókò, dòdò àwọn ará àdúgbò Treichville, ọkùnrin kan ń ro ẹjọ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ oníná-òun-epo tí mo rà yẹn ń tàn mí jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí mo bá ti ṣáàjì ẹ̀ nílé, iná nìkan ló ń gbé mi láti Gonzagueville débí. Tó bá di Jímọ̀, iná á tán lójú ọ̀nà, epo á gbà á. Mo fẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á."

"Ta lò ń gbé ní Jímọ̀?"

"Àwọn bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ mẹ́rin tó ń wá kírun ní mọ́ṣáláṣí ìhín."

"Àwọn tó ń wọ agbádá yẹn?"

"Agbádá ńlá. Ooru ń mú wọn, mo sì ń tan kílíìmù kí ọkọ̀ lè tutù bíi yìnyín."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni. Fèrèsé ni mò ń ṣí."

Obìnrin náà di ògiri mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bọ̀rọ̀.

"Bàbá mẹ́rin àti kílíìmù, bátìrì kan ló ń bọ́ gbogbo wọn, o wá ní ó ń tàn ọ́ jẹ. Pa kílíìmù, kí wọ́n bọ́ agbádá."

"Bàbá ìyàwó mi ló ń jókòó níwájú. Òun ló máa ń ní kí n fi òtútù kún un."

Gbogbo wa tí a tò bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá mi orí.

"Ẹ jẹ́ kí epo máa jó, ẹ̀gbọ́n mi. Epo wọ́n, àmọ́ ìyàwó mi wọ́n jù ú lọ."