Ilẹ̀kùn tí Màmá Rọra Ń Tì

Ní kẹ́mísì kan ní Dadin Kowa, lásìkò ọyẹ́, ìyá àgbà kan àti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí wà níwájú mi lórí ìlà. Ìlà náà ò lọ, etí mi ò sì dí.

"Sannu, Màmá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí páálí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín yìí?"

"Ọmọ mi ni. Kò tíì pé ogójì ọdún. Dókítà ní kó máa rìn, kò rìn. Èmi ni mo fẹsẹ̀ rìn wá ra oògùn rẹ̀."

"Haba. Ẹ̀yin ń rìn?"

"Lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Gyel, bàbá mi máa ń fà mí lọ́wọ́, a ó jọ rìn lọ sóko. Ó mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà bímọ, kí àwọn ọmọ tó jí ni mo máa ń jáde. Mo ní kí wọ́n sùn dáadáa. Mo máa ń rọra ti ilẹ̀kùn."

"Wọn ò wá rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn rí."

"Nígbà tí wọ́n bá fi máa jí, mo ti wà nídìí iná. Mo máa ń rọra ti ilẹ̀kùn." Ó tún un sọ bí ẹni ń jẹ́wọ́.

"Ẹ pe ọmọ yín náà nísinsìnyí, kẹ́ ẹ jọ máa rìn."

"Mo pè é láàárọ̀ yìí. Mo ti wọ bàtà, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo dúró. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, ó ní, 'Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé.'"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo rọra tì í."